Ìró Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó jẹ́ kí n sọ tán ná. Mi ò ní fi iyọ̀ sí i, mi ò sì ní bù kúrò níbẹ̀. Ẹnu ìyá ọmọ náà ni mo ti gbọ́ ọ, ìyá yẹn kì í sì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Òun náà kò fi etí gbọ́ ọ. Ojú ló fi ń wo ètè ọmọ rẹ̀, tó ń kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ọmọ náà kò lóhùn mọ́. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Àwọn ọmọge méjì kan wà tí wọ́n jọ ń jó báléè, ijó tí wọ́n máa ń fi ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀ dúró jó. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ wọ ilé ijó. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni wọ́n. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn, táwẹ́ẹ̀lì kan náà ni wọ́n fi ń nu òógùn, bí ọ̀kan bá sì gbé omi sẹ́nu, yóò ṣẹ́ ìdajì kù fún èkejì.

Wọ́n ń pe ọ̀kan ní Ìyẹ́. Ìdí ni pé bó bá fò sókè tó padà balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Bí ìyẹ́ adìẹ ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ló ṣe máa ń balẹ̀. Wọ́n ń pe èkejì ní Igbákejì. Ìyẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, lọ́jọ́ kan tó tún ṣe ipò kejì lẹ́yìn rẹ̀. Eré ló fi ṣe. Gbogbo ilé ijó rẹ́rìn-ín. Igbákejì náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà tó jẹ́ ti ẹnu lásán, inú kì í mọ̀ sí i. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Ìyá tó ń gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn ń pè é bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ nílé, ọmọ tí kò tíì mọ imú nù, ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bàtà wọn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bàtà ijó yìí, lóde, aṣọ sátínì tó ń dán gbinrin ni. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ le bí igi. Nínú àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ ró. Egungun bàtà ni àwọn oníjó ń pè é. Bí bàtà bá wà ní tuntun, ariwo ni yóò máa pa lórí ilẹ̀: kò, kò, kò. Nítorí náà, wọ́n ní láti nà án. Wọ́n á gbá orí rẹ̀ mọ́ àtẹ̀gùn òkúta. Wọ́n á tẹ egungun rẹ̀ síwájú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi gbọ́ràn. Bó bá le jù, á pariwo. Bó bá rọ̀ jù, á kán, ẹsẹ̀ á sì bá a kán.

Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń na bàtà ara rẹ̀. Ìyẹ́ ló ń na ti Igbákejì, Igbákejì ló ń na ti Ìyẹ́. "Ẹni tó bá na bàtà ara ẹ̀, orí ara ẹ̀ ló nà," ni Ìyẹ́ máa ń wí. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n wọ́n pa á mọ́ bí òfin títí wọ́n fi dàgbà.

Olùkọ́ wọn jẹ́ ìyá àgbà kan tí kì í fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Màmá Ọ̀pá ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún yẹn, Màmá Ọ̀pá fẹ́ gbé ijó ńlá kan jáde, ijó ìyàwó kan tó fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lórí omi lọ bá ọkọ rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo ni ìyàwó. Àwọn tó kù á tò lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbì. Ẹni tó bá jó ìyàwó, òun ni yóò máa ṣíwájú wọn títí tó fi máa fi ijó sílẹ̀. Ẹni tí kò bá jó o, ìgbì ni, ìgbì ni yóò sì máa jẹ́ títí orúnkún rẹ̀ á fi gbó. Igbákejì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń ṣe ìgbì láti kékeré.

Màmá Ọ̀pá ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń yan ènìyàn. Yóò ní kí wọ́n dá dùùrù dúró. Yóò ní kí gbogbo wọn kọjú sí ògiri, òun náà yóò sì kọjú sí ògiri. Ẹni tí wọ́n ń dán wò yóò máa dá jó lẹ́yìn wọn. Wọn yóò máa fetí gbọ́ ọ.

"Ojú máa ń ṣojúsàájú," ló máa ń wí. "Etí kì í ṣe é. Bí ẹsẹ̀ ìyàwó bá fi lè dún, omi ti di pákó nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yíjú padà títí Màmá á fi kan ọ̀pá mọ́lẹ̀.

Ó ku ọ̀la kí ìdánwò wáyé. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta lẹ́yìn gbọ̀ngàn, bàtà ara wọn lọ́wọ́. Kò sí atẹ́gùn. Ìró bàtà lára òkúta nìkan lèèyàn ń gbọ́.

"Tí n bá di ìyàwó," Ìyẹ́ ní, "ìwọ lo máa dúró gbàgbà lẹ́yìn mi."

"Níbo ni mo tún ń dúró sí tẹ́lẹ̀?"

Ìyẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó fi èjìká gbá a. "Má bínú, jàre. Ta ni mo tún ní? Igbákejì mi àtàtà."

Igbákejì ń tẹ egungun bàtà. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Nǹkan kan ṣe "kẹ́" lábẹ́ sátínì. Ó kéré débi pé ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́ ọ, kì í ṣe etí.

Ó wo Ìyẹ́. Ìyẹ́ ti orí bọ iṣẹ́, ó ń kọrin sínú.

Ó lè sọ ọ́. Bàtà mìíràn wà nínú báàgì. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó tún bàtà náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, níbi kan náà. Ó wé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ dáadáa, ó sì nà án sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ó ti rọ̀," ló wí.

"O ṣeun, ọ̀rẹ́ẹ̀ mi."

Ní ọjọ́ kejì, Igbákejì ló kọ́kọ́ jó. Ó jó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ dún. Ìyẹ́ ló kàn. Gbogbo wọn kọjú sí ògiri. Ibi gbogbo pa lọ́lọ́. Igbákejì gbọ́ eṣinṣin kan lára fèrèsé. Ó gbọ́ èémí ẹni tó dúró ti òun. Láti ẹ̀yìn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹ́ ń jó, àfi bíi pé ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

Igbákejì ń ka ijó náà sínú. Ó mọ ibi tí ìyàwó ti ń fò, tó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀, tó ń yí bírí. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Ó ń dúró de ariwo.

Ariwo kò wá.

Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́. Ó pẹ́ jù. Igbákejì rọra yí ọrùn, díẹ̀ báyìí, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹ̀yìn.

Yéè! Ìyẹ́ wà nílẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kọjú sí ẹ̀yìn. Ó la ẹnu gbàgà, iṣan ọrùn rẹ̀ le tantan, ó ń kígbe pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Igbe náà kò dún. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀. Ilẹ̀ náà kò dún. Àwọn tó kù kọjú sí ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí wọn ò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan.

Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin. Ètè Ìyẹ́ ń mì. Ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Igbákejì yíjú padà sí ògiri.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà kan ti kán sára ògiri níwájú imú rẹ̀, ó sì gbẹ síbẹ̀. Ó ń wò ó. Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, Màmá Ọ̀pá kan ọ̀pá mọ́lẹ̀.

"Háà! Ijó rèé!" ni Màmá wí, ó sì ń yípadà. "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì..."

Ẹ̀rín náà wà lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó ti rí i.

Ọrùn ẹsẹ̀ Ìyẹ́ kò ṣeé tún ṣe. Dókítà ní yóò rìn, ṣùgbọ́n kò ní jó mọ́. Ohùn rẹ̀ náà lọ. Wọ́n yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò títí, kò sóhun tó ṣe é. Dókítà ní ìbẹ̀rù ni, pé yóò padà. Wọ́n wo bàtà, wọ́n rí i pé egungun rẹ̀ ti kán. Wọ́n ní bàtà máa ń kán. Ta ló máa fura sí Igbákejì, ẹni tí ẹkún kò jẹ́ kó lè dìde nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?

Òun sì ni wọ́n fi ṣe ìyàwó. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní bò ó láṣìírí: inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè sùn. Ẹ̀rù sì ń bà á.

Lọ́jọ́ kan, ó tún lọ kí Ìyẹ́ nílé. Ìyá Ìyẹ́ dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, ìwọ nìkan ló kù tó ń wá. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

"Àmín, mà," ni Igbákejì wí.

Ìyẹ́ jókòó ti fèrèsé, pí-ó-pì funfun tí wọ́n fi di egungun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá abẹ́ abíyá méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo Igbákejì. Ó na ọwọ́.

"Kí ló fẹ́, mà?"

"Bàtà ẹ ni," ìyá rẹ̀ ní. "Ṣebí òun ló máa ń bá ẹ nà án. Fún un, jàre, kó lè rí nǹkan ṣe."

Igbákejì yọ bàtà tuntun jáde nínú báàgì. Ìyẹ́ gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a mọ́ ojú fèrèsé oníkọnkéré. Ó gbé e sókè, ó fi agbára gbá a. Kò dún. Ó tún gbá a. Kò dún rárá. Ojú rẹ̀ kò sì kúrò lójú Igbákejì.

Igbákejì yíjú sí ìyá náà. "Mà, ṣé ẹ̀yin náà..."

"Bó ṣe ń ṣe nìyẹn," ni ìyá náà wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀pá ẹ̀ náà kì í dún. Mo lè máa fọ abọ́, kí n kàn yíjú, kí n rí i lẹ́yìn mi. Èmi ìyá ẹ̀, ẹ̀rù ọmọ mi ń bà mí."

Nígbà tí Igbákejì délé, ó yẹ bàtà náà wò fínnífínní. Ó tẹ gbogbo ara rẹ̀. Kò sí ibì kan tó bàjẹ́. Kò tíì rí bàtà tí wọ́n nà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbáradì. Ó fò, ó balẹ̀, kò dún. Àwọn tó kù wojú ara wọn. Ó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀.

Kò.

Màmá Ọ̀pá gbórí sókè. "Ẹsẹ̀ ta nìyẹn?"

"Kì í ṣe tèmi, mà."

"Tèmi ni, àbí? Èmi tí mò ń fi ọ̀pá rìn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Igbákejì kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbọ́ ọ. Kò, kò. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó pọ̀ sí i. Ẹsẹ̀ kan ń jó lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ó fetí sí i dáadáa, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ó mọ ijó náà. Ijó ọjọ́ ìdánwò ni. Gbogbo ìró tí wọn kò gbọ́ lọ́jọ́ yẹn ló ń bọ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń jó síwájú sí i lójoojúmọ́. Bó bá ṣe ń lọ yìí, yóò dé ibi tí ìyàwó ti ń fò. Igbákejì mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Màmá Ọ̀pá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Gbọ́ mi dáadáa. Bí mo bá tún gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹlòmíì á jó o. Ìgbì ò tíì kún."

Ìgbì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ìgbátí lọ.

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó ní bàtà ni. Kí ló tún kù? Ohun tó tọwọ́ Ìyẹ́ wá ni. Ó kó gbogbo bàtà tí Ìyẹ́ bá a nà, ó dà wọ́n sínú ààtàn. Ó mú tuntun, ó dá jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta, ó sì na bàtà ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó rọra nà án. Ó tẹ egungun rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹyin wò. Kò gbọ́ "kẹ́" kankan.

Ó wọ̀ ọ́ jó lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ibi gbogbo dákẹ́ rọ́rọ́. Màmá Ọ̀pá mi orí, ó ní, "Ó kúkú kù díẹ̀ kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ." Igbákejì sunkún ayọ̀ ní ilé ìwẹ̀. Àṣé bàtà náà ni.

Ọjọ́ ijó pé. Ọ̀sán ni wọ́n fi í sí. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Wọ́n fi Ìyẹ́ àti ìyá rẹ̀ sí ìlà iwájú, wọ́n sì to òdòdó sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n pa iná. Aṣọ ìtàgé ká sókè.

Igbákejì jáde. Ilẹ̀ ìtàgé ń dán bí omi. Ó rìn lórí rẹ̀, kò dún. Ó yí, kò dún. Ó fetí sí ẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan. Ìyàwó ni mí, ló ń wí nínú ara rẹ̀. Ìyàwó ni mí, èmi kì í ṣe igbákejì ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sáré, ó fò, ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀ láìdún.

Ìgbà náà ni nǹkan kan kán lẹ́yìn rẹ̀. Gbà! Bí igi gbígbẹ. Ohun kan wó lulẹ̀. Lẹ́yìn náà ni igbe.

"Igbákejì! Mo rí ẹ o! O ti rí mi! Yíjú padà! Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, yíjú padà!"

Ohùn Ìyẹ́ ni. Ó gba gbogbo gbọ̀ngàn kan. Ohun tí ètè rẹ̀ ń sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Igbákejì dúró sórí ìka ẹsẹ̀ kan. Nǹkan kan kò ṣe é. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, ó ń wá Màmá Ọ̀pá. Màmá Ọ̀pá wà níbẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó gbé ọ̀pá dání, kò sì tíì kàn án mọ́lẹ̀. Ó wo àwọn ìgbì. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn kọ sí i. Ó wo àwọn olórin. Ìpàkọ́ wọn ló rí. Ó wo inú òkùnkùn gbọ̀ngàn, ìlà lẹ́yìn ìlà. Gbogbo wọn ti dìde dúró, ọmọdé àti àgbà, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Wọ́n ń fetí sílẹ̀.

Nǹkan kan ṣe "kẹ́" lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ṣubú. Ó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bó ṣe yí sẹ́yìn. Ó la ẹnu, ó kígbe. Igbe náà kò dún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀, ó ń gbá a, ó ń gbá a. Kò sẹ́ni tó yíjú.

Àfi ẹnì kan. Láàárín gbogbo ìpàkọ́ wọ̀nyẹn, ojú kan ṣoṣo kọjú sí i. Ìyẹ́ ni, ní ìlà iwájú, lórí ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Jọ̀ọ́," ni ètè Igbákejì wí.

Ìyẹ́ wò ó. Ó wò ó pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà, ó yí ọ̀pá rẹ̀ kan padà, ó yí èkejì, ó sì kọjú sí ibi tí gbogbo wọn kọjú sí.

Ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n á búra fún yín pé àwọn ò dìde, pé ìtàgé làwọn kọjú sí. Wọ́n ní ìyàwó jó títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, pé ó tẹrí ba fún àwọn, àwọn sì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta àwọn. Màmá Ọ̀pá ní òun kò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá tó ń gbá ilẹ̀ wọlé, tí gbogbo èèyàn ti lọ, ó bá Igbákejì nílẹ̀ láàárín ìtàgé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Wọ́n tú bàtà rẹ̀ wò. Egungun bàtà náà wà pérépéré, kò kán. Ta ló wá tẹrí ba fún wọn? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìyẹ́ rí ohùn rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an, nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n ń relé. Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ayọ̀.

"Ó jó dáadáa, àbí?" ni Ìyẹ́ bi í. "Mi ò wò ó."

Ó máa ń wá kí Igbákejì nísinsìnyí, ẹni tí ẹsẹ̀ àti ohùn tirẹ̀ náà ti lọ, tó jẹ́ pé ètè rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń wò kó tó mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀pá rẹ̀ ń dún bó bá ń bọ̀, kò, kò, láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ń mú èso wá, ó ń jókòó tì í, ó ń sọ̀rọ̀ fún un. Ìyá Igbákejì a máa dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, a ní, "Ìwọ nìkan ló kù tó ń wá. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Àmín ni Ìyẹ́ ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ìró ìṣubú Igbákejì, títí di òní, kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ọ. Wọ́n ṣì ń jó nínú gbọ̀ngàn náà. Wọ́n ti ń wá ìyàwó tuntun, àwọn ọmọge ń na bàtà lórí àtẹ̀gùn òkúta, Màmá Ọ̀pá sì ti ní kí wọ́n kọjú sí ògiri.